Ọ́ìlì Tó Ń Kán ní Apple Junction: Ìtàn Ọkọ̀ Wa Láti Inú Gásíkẹ́ẹ̀tì Kan

  Àkọsílẹ̀ ohun tí a sọ lọ́sẹ̀ yìí rèé, fún ẹ̀yin tí dátà yín ti tán, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nínú dáńfó tí ariwo kọ̀ǹdọ́ kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ wa.

Bí ẹ bá dé Apple Junction, lágbègbè tí Festac àti Amuwo-Odofin ti pàdé ara wọn, ẹ fi pátákó ìpolówó sílẹ̀, ẹ wolẹ̀. Ẹ wo ibi tí àwọn ènìyàn ń páàkì ọkọ̀ sí níwájú ilé àti níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ó rí ojú dúdú kan níbẹ̀ tó fẹ̀ tó àwo ẹ̀bà. Òjò rọ̀, kò lọ. Wọ́n da yanrìn sí i, kò lọ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Ó kán síbẹ̀ lánàá, ó ń kán síbẹ̀ lónìí, yóò sì tún kán síbẹ̀ lọ́la.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọkọ̀ máa ń jo ọ́ìlì. Ohun tí a kì í sábà béèrè ni pé, kí ló dé tí tiwa fi ń jò tó báyìí? Ìdáhùn kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìdáhùn kejì wà nínú ìtàn, ìtàn náà sì pọ̀ lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀nà másẹ̀ Èkó sí Badagry. A ó sọ méjèèjì lónìí. Lẹ́yìn náà, a ó sọ bí ẹ ṣe lè fi ọwọ́ ara yín dí ibi tó ń jò níwájú ilé yín.

Kí ló ń jò gan-an?

Ìdérí kan wà lórí ẹ́ńjìnnì. Irin ni wọ́n fi ń ṣe é láyé àtijọ́. Nínú ọkọ̀ òde òní, álúmíníọ̀mù tàbí ike líle ni. Àwọn mẹ́káníìkì wa ń pè é ní tappet cover. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì tó sì ń tì í ti ń yí bírí, tí ọ́ìlì sì ń ta sí wọn lára kí wọ́n má baà jẹ ara wọn. Iṣẹ́ ìdérí yìí ni kó má jẹ́ kí ọ́ìlì náà ta síta.

Ṣùgbọ́n irin àti irin kì í lẹ̀ mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ọ́ìlì kò ní rí àyè kọjá. Nǹkan rírọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn tí yóò di àlàfo náà. Nǹkan rírọ̀ yìí ni gásíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ rántí ìrọ̀rí fóòmù tí ènìyàn ti sùn lé fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kò dìde mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gásíkẹ́ẹ̀tì ṣe ń gbó. Ooru ẹ́ńjìnnì ń sè é lójoojúmọ́, ó ń le, ó ń pẹlẹbẹ, títí kò fi ní lè ti ìdérí padà mọ́. Níbẹ̀ ni ọ́ìlì á ti rí ọ̀nà.

Bí ó bá ṣàn sára páìpù èéfín tó gbóná, ẹ ó máa gbọ́ òórùn ọ́ìlì tó ń jóná ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dúró nínú gósìlóò. Bí ó bá pọ̀, ó lè gbiná. Bí ó bá ṣàn sínú ihò tí púlọ́ọ̀gì wà, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, iná check engine á sì tàn. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀, torí owó ńlá wà nínú rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tappet cover yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń pè ní top gasket. Top gasket wà nísàlẹ̀ sí i, láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Òun ló ń ya iná, omi àti ọ́ìlì sọ́tọ̀. Bí top gasket bá jó, wọ́n á tú orí ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ ńlá ni. Ti tappet cover kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdérí lásán ni wọ́n ń ṣí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "gásíkẹ́ẹ̀tì òkè ti lọ", ẹ bi í pé èwo nínú méjèèjì, kí ẹ sì ní kó fi ọwọ́ tọ́ka sí i.

Ta ni Volks?

Ẹ wọ dáńfó ní Mile 2. Kọ̀ǹdọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ibùdókọ̀: Festac, Agboju, Trade Fair, Volks, Ìyànà-Ìbà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń bọ́ sílẹ̀ ní Volks láì bi ara wa pé ta ni Volks.

Volkswagen ni. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry yìí. Ọdún kan náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Owó epo rọ̀bì ti pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba lákòókò náà, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà máa ra ọkọ̀ tuntun tí a tò nílé. Ẹrù ọkọ̀ á ti òkè òkun dé ní ìtúpalẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á so ó pọ̀, á sì jáde sí títì ní tuntun.

Èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù nínú wọn ni Beetle, tí àwọn bàbá wa sọ ní ọkọ̀ ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà lẹ́yìn. Kò lo omi láti fi tutù, afẹ́fẹ́ ló ń lò. Apá méjì ni ẹ́ńjìnnì náà ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Nítorí náà, ìdérí fáàfù méjì ló ní.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ìdérí fáàfù ọkọ̀ ìjàpá kò ní bóòtù kankan. Wáyà líle kan tí wọ́n tẹ̀ bí ọwọ́ korobá ló dì í mú. Ẹ fi ṣukudiráfà ti wáyà náà sísàlẹ̀, ìdérí á jáde sí yín lọ́wọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà nínú rẹ̀, èèpo igi ni: irú èèpo rírọ̀ tí wọ́n fi ń dé ìgò wáìnì. Ẹ yọ èyí tó ti gbó, ẹ nu ìdérí, ẹ fi tuntun sí i, ẹ dá wáyà padà. Ó parí.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀? Torí pé a gbọ́dọ̀ máa ṣí i lemọ́lemọ́. Fáàfù ọkọ̀ ìjàpá fẹ́ kí a máa tún àlàfo rẹ̀ wọ̀n ní gbogbo ẹgbẹ̀rún kìlómítà mélòó kan. Ẹni tó ni ín tàbí mẹ́káníìkì rẹ̀ á dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, á ṣí i, á wọ̀n ọ́n, á pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti ro ó láti ilé iṣẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn lásán á dé ibẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1969, ẹnìkan tó ń jẹ́ John Muir kọ ìwé kan tí ó pè ní How to Keep Your Volkswagen Alive. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ ló kọ ọ́ fún. Ìwé náà tà gan-an, torí pé ọkọ̀ náà gbà kí ènìyàn kọ́ ọ nílé.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí a ń sọ yìí ti wà lójú ọ̀nà Badagry kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Gásíkẹ́ẹ̀tì máa ń jò nígbà náà pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ ni pé ọkọ̀ jẹ́ tuntun, ohun èlò rẹ̀ wà nítòsí, owó rẹ̀ kò sì ju agbára òṣìṣẹ́ lọ.

Ọdún 1977: ilé, ọjà àti ààyè ọkọ̀

Ọdún méjì lẹ́yìn Volks, Festac dé. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ènìyàn dúdú láti gbogbo àgbáyé péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà ẹlẹ́ẹ̀kejì irú rẹ̀. Ọ̀gágun Olusegun Obasanjo ni olórí ìjọba. Wọ́n kọ́ odidi ìlú kan láti gbé àwọn àlejò sí. Ìlú náà ni Festac Town. Nígbà tí àlejò lọ, ọmọ ìlú kó wọlé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀: àwọn òpópónà ńlá tí wọ́n fún ní nọ́ńbà, àwọn close tó yà kúrò lára wọn, àti ààyè ìgbọ́kọ̀sí níwájú ilé. Ìlú tí wọ́n yà fún ẹni tó máa ní ọkọ̀ ni. Ní òpin ọdún 1977 kan náà, wọ́n ṣe ìpàtẹ ọjà àgbáyé àkọ́kọ́ ní Trade Fair, nínú ọgbà tí ilé iṣẹ́ Energoprojekt láti Yugoslavia kọ́. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀, ilé gbígbé àti gbọ̀ngàn ìpàtẹ, gbogbo wọn bọ́ sójú ọ̀nà kan náà láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá dúró ní Festac lọ́dún náà tó sọ pé ọmọ òun á máa wa ọkọ̀ tuntun, kò sí ẹni tó máa bú u.

Ọdún 1986: Tòkunbọ̀ gúnlẹ̀

Owó epo rọ̀bì já lulẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1986. Ní 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n ṣí ọjà pàṣípààrọ̀ owó tuntun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, bíi náírà kan ni wọ́n fi ń ra dọ́là kan. Nígbà tí ọjà tuntun ṣí, ó ti ju náírà mẹ́rin lọ.

Ẹ fi ìyẹn wo ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé òkè òkun ni ẹrù rẹ̀ ti ń wá. Iye owó ọkọ̀ tuntun fò kọjá orí òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì. Kí ọdún 1999 tó pé, Volks kò to ọkọ̀ pọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́. Orúkọ ibùdókọ̀ ló kù lẹ́nu kọ̀ǹdọ́.

Ṣùgbọ́n ènìyàn ṣì fẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ̀ tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti lò tán bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó àti Kútọnu. Àwọn tó gba Kútọnu wọlé á kọjá ní Sẹ̀mẹ̀, wọ́n á sì gba ọ̀nà Badagry yìí gan-an dé ọ̀dọ̀ wa. Títí di 2017, tí ìjọba fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀, ọ̀nà náà jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà wọn.

Kí la sọ wọ́n? Tòkunbọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹni tí à ń sọ ní Tòkunbọ̀: ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n gbé wálé. Orúkọ ìkíni káàbọ̀ ni. Yorùbá ló sọ ọkọ̀ náà lórúkọ, gbogbo Nàìjíríà ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀ lónìí, láti Aba dé Kano. Ṣùgbọ́n Tòkunbọ̀ ọmọ ènìyàn máa ń dé ní kékeré. Tòkunbọ̀ ọkọ̀ ti dàgbà kó tó wọkọ̀ ojú omi.

Èyí ni ìdáhùn kejì sí ìbéèrè wa. Camry tí ẹ̀yin ń pè ní Big Daddy, Accord tí ẹ ń pè ní End of Discussion, wọ́n jáde ní tuntun láàárín 2002 sí 2007. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lórí wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tó ń tutù, ní Texas tàbí New Jersey kí ẹnikẹ́ni ní Amuwo tó fi ojú rí i. Gásíkẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ pé wọ́n ti kun ọkọ̀ lọ́dà tuntun ní Berger. Ọjọ́ orí rẹ̀ ló mọ̀. Àjọ UNEP ti ìparapọ̀ orílẹ̀-èdè àgbáyé sọ ní 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kéékèèké àlòkù ni wọ́n kó kúrò ní ìlú kan lọ sí òmíràn láàárín 2015 sí 2018, ilẹ̀ Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Bí ẹ bá rí ojú dúdú nílẹ̀ ní Apple Junction, ọjọ́ orí ọkọ̀ ni ẹ ń rí.

Ìtàn náà sì tún ara rẹ̀ sọ. Ní oṣù Kẹfà 2023, ìjọba tún tú náírà sílẹ̀. Kí ó tó dà bẹ́ẹ̀, iye tí ìjọba ń pè kò tó náírà 500 sí dọ́là kan. Nígbà tí 2024 fi dé ìdajì, ó ti kọjá 1,400. Ní 1986, ọkọ̀ tuntun ló bọ́ lọ́wọ́ wa. Lọ́tẹ̀ yìí, Tòkunbọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sá lọ. Ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ yín lónìí lè jẹ́ èyí tí ẹ máa lò pẹ́. Nítorí náà ni mo fi ń pariwo lórí rọ́bà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìdè bàtà.

Rọ́bà ti gba Èkó jáde rí

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, torí pé rọ́bà kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Igi kan wà nínú igbó wa tó ń jẹ́ irẹ́. Ní 1894, ìjọba amúnisìn mú àwọn tó mọ iṣẹ́ rọ́bà wá láti Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, kí wọ́n fi han àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń gba oje igi náà. Ní 1895, ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, rọ́bà tó ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ ní ìwọ̀n ló gba Èkó lọ sí òkè òkun. Ayé ń gun kẹ̀kẹ́ nígbà yẹn, kẹ̀kẹ́ sì ń fẹ́ táyà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gé igi náà ní ìgékúgèé, ọ̀pọ̀ igi kú, òwò náà sì rọlẹ̀ kí ọ̀rúndún náà tó parí.

Kí ló kan gásíkẹ́ẹ̀tì? Ó kàn án gan-an. Rọ́bà tó ti ara igi wá kò bá ọ́ìlì rẹ́. Bí ẹ bá rì í sínú ọ́ìlì, á mu ún, á wú, á sì di jẹ́lẹ́jẹ́lẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ Jámánì fi ṣe irú rọ́bà kan láàárín ọdún 1930 sí 1939, tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, tí ọ́ìlì kò lè tètè bà jẹ́. Nitrile ni orúkọ rẹ̀. Òun àti àwọn rọ́bà mìíràn tó lè fara da ooru ló gba ipò èèpo igi. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun á gé tíúbù táyà fi ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì tappet cover fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dá a dúró. Tíúbù á wú, ọ́ìlì á sì tún jò.

Ìdí tí gọ́ọ̀mù fi pọ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́káníìkì wá kàn. Mi ò wá bú wọn o. Iṣẹ́ ọkọ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọmọ Èkó kan, William Akinola Dawodu, ti ń ta ọkọ̀, ó ń tún un ṣe, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́. Ètò ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ yẹn ló ṣì wà lábẹ́ igi ní gbogbo àdúgbò: ọmọ á dé, á máa gbé sípánà, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá, títí yóò fi gba òmìnira. Bí ohun èlò bá wọ́n, ọwọ́ wọn ló mú wa dúró. Wọ́n gé gásíkẹ́ẹ̀tì láti ara bébà líle, wọ́n fi òòlù gbá a yíká títí ihò bóòtù fi jáde. Ọgbọ́n gidi ni.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àìrí lè di àṣà nígbà tí rírí ti dé. Lónìí, ẹ ó rí ìdérí tí wọ́n rẹ́ ní gọ́ọ̀mù sílíkóònù yíká, láì sí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lábẹ́ rẹ̀. Gọ́ọ̀mù náà á dí i fún oṣù díẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì á máa lọ pẹ̀lú ọ́ìlì. Ó lè dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà lọ sókè. Bí asẹ́ náà bá dí, ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ láì rí ọ́ìlì mu. Ibẹ̀ ni ìjò kékeré ti ń di gbèsè ńlá.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò sì jìnnà. Láti Apple Junction, Trade Fair kò ju ìrìn dáńfó kan lọ. Nínú ọgbà tí wọ́n kọ́ fún ìpàtẹ àgbáyé lọ́dún 1977 ni àwọn ASPAMDA ń ta ohun èlò ọkọ̀ sí. Ládípọ̀ sì wà ní Mushin. Ẹ mú nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì yín dání, ẹ ya fọ́tò ìdérí náà sórí fóònù, kí ẹ béèrè iye ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kí ẹ tó sanwó. Ẹ tẹ gásíkẹ́ẹ̀tì náà ní ìka. Bó bá rọ̀ tó sì padà sí ipò rẹ̀, ó dára. Bó bá le tàbí tó ní ojú ṣíṣán, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é nílé

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá jẹ́ onísìlíńdà mẹ́rin tó rọrùn, bíi ti ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry, ọjọ́ Sátidé kan tó o. Bí ó bá jẹ́ V6, apá kan ìdérí rẹ̀ máa ń farasin sẹ́yìn lábẹ́ páìpù ńlá. Ẹ gbé ìyẹn fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

1. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, kí ẹnikẹ́ni tó wa ọkọ̀ náà. Ẹ tú orí bátìrì tó jẹ́ ti nẹ́gátífù.

2. Ẹ nu orí ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Yanrìn Festac tó bá wọ inú ẹ́ńjìnnì burú ju ọ́ìlì tó jò síta lọ.

3. Ẹ ya fọ́tò gbogbo wáyà àti họ́ọ̀sì kí ẹ tó tú wọn. Ẹ yọ ike tó bo òkè, ẹ tú bóòtù kọ́ìlì, sípánà 10 ló sábà máa ń bá a mu. Ẹ fa kọ́ìlì jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí ọ́ìlì nínú ihò púlọ́ọ̀gì, ẹ fà á jáde tán pẹ̀lú aṣọ kí ẹ tó tú púlọ́ọ̀gì kankan, kí ẹ sì mọ̀ pé rọ́bà tó yí ihò náà ká ti gbó. Ẹ ra ìyẹn náà mọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì.

4. Ẹ tú àwọn bóòtù ìdérí díẹ̀díẹ̀, láti etí wá sí àárín. Bí ìdérí bá lẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fi ṣukudiráfà irin tì í, ojú rẹ̀ á bàjẹ́.

5. Ẹ yọ gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Ẹ fi ike há gọ́ọ̀mù tó ṣẹ́kù kúrò lára ìdérí àti lórí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ rí i pé kò sí èyí tó já sínú. Ẹ nu ojú méjèèjì títí wọ́n fi gbẹ.

6. Ẹ tẹ gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sínú ojú ihò rẹ̀ lára ìdérí, ní gbígbẹ. Gọ́ọ̀mù ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbí o: ẹ kán án díẹ̀ sí àwọn igun tí ara irin méjì ti pàdé lórí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ Toyota ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ nìkan.

7. Ẹ gbé ìdérí sí i gúnrégé, ẹ fi ọwọ́ wé gbogbo bóòtù kí ẹ tó fa sípánà jáde. Láti àárín lọ sí etí ni ẹ ó ti mú un le, yípo ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bóòtù wọ̀nyí kéré. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kéékèèké, bíi 10 Nm péré ni wọ́n fẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá fi gbogbo èjìká fà á, á já bóòtù tàbí kó sán ìdérí.

8. Ẹ dá kọ́ìlì, wáyà àti họ́ọ̀sì padà bí ó ṣe wà nínú fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ fún àkókò tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì, kí ẹ tó tan ọkọ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Fáàfù kékeré kan wà lára ìdérí tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PCV. Òun ni imú tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Bí ó bá dí, èémí inú ẹ́ńjìnnì á máa ti ọ́ìlì síta, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun náà kò sì ní pẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ mì í: bó bá dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ó ṣì lè ṣiṣẹ́. Bó bá dákẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Kí a tó lọ

Láyé ọkọ̀ ìjàpá, ilé iṣẹ́ ló ṣe ìdérí tí wáyà kan ṣoṣo lè ṣí. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ wá di ohun tí à ń gbé fún ẹlòmíràn, tí à ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí à ń tẹ fóònù títí wọ́n fi pè wá láti wá sanwó. Ohun tí mo ń wí kò ju pé kí ẹ padà mọ ohun tí wọ́n ń sanwó yín fún. Bí ẹ bá fẹ́ kí mẹ́káníìkì yín ṣe é, kó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì náà fúnra yín, ẹ dúró tì í, kí ẹ sì sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, igun nìkan ni kí gọ́ọ̀mù dé." Ẹ ó rí i bí yóò ṣe wò yín.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ tẹ́ páálí pẹlẹbẹ kan sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí páálí náà sì gbẹ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. A ó kà orúkọ yín lórí ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ó bá sì tún kán, ẹ fi fọ́tò yẹn náà ránṣẹ́, ká jọ wo ibi tó ti ń wá.

Ó dìgbà o.